Alábẹ̀wò Lọ Gbọ́ Orin Ọjọ́ Méje

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni bàbá Ẹyinjú fi jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì àwọn olùkọ́ mìíràn. Iṣẹ́ alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Á wọlé láìkan ilẹ̀kùn, á fa àga kékeré kan jókòó, á yọ ìwé àti kálámù, á sì máa kọ nǹkan sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Olùkọ́ tó ti ń kọ́ni fún ogún ọdún á ṣàdédé gbàgbé iye tí èjì lọ́nà méjì jẹ́. Kò bá wọn jà rí, kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni rí, àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ju igbe lọ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì pàápàá, Alábẹ̀wò náà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń pè é ní Bàbá.

Ọmọ yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe awò ojú ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń wọn ojú àwọn oníbàárà, òun náà ló ń gé dígí, tó ń ha etí rẹ̀ títí á fi wọ inú férémù. Ẹyinjú kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ọkùnrin kan ló fún un, orúkọ náà sì ti lẹ̀ mọ́ ọn kí ẹni tó fún un tó lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọkùnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú awò tí apá rẹ̀ kan ti kán. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, débi pé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é.

"Mo fẹ́ èyí tí kò ní máa yọ̀ bọ́ nímú mi tí mo bá ń làágùn," ló wí.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe tí òógùn fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?"

"Ilé ìtẹ̀wé ni mo wà, èmi ni mò ń gé bébà. Àmọ́ orin ló ń mú mi làágùn."

"Orin? Ṣé ẹ̀ ń kọ ọ́ ni, àbí ẹ̀ ń là á bí igi ìdáná?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wò ó fúnra yín."

Kò lọ. Àmọ́ kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọkùnrin náà tún dé, apá awò ti wọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún ti wọ́. Nígbà kẹta, ọmọbìnrin náà gbé awò sókè sí iná, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gbé e kalẹ̀.

"Awò yìí ò ṣubú. Ọwọ́ ènìyàn ló wọ́ ọ."

"Ọwọ́ mi ni."

"Kí ló fà á?"

"Kí n lè rí ẹni tó máa tún un ṣe ni. Gbogbo ayé lẹ̀ ń tún ojú wọn ṣe, ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀yin gan-an ni ẹyinjú."

Ojú tì í, inú rẹ̀ sì dùn. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé ti gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Ẹyinjú.

Orin tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ń kọ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé sórí rédíò. Orin rọ́ọ̀kì ni: gìtá oníná méjì, béèsì kan, ìlù kan. Àwọn fúnra wọn ló ń kọ ọ́, àwọn fúnra wọn ló ń ru sípíkà wọn, kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn wọn. Ọjọ́ tí Ẹyinjú kọ́kọ́ lọ gbọ́ wọn, ariwo náà gbá a láyà bí ìgbà tí ìjì bá já ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ láàárín ariwo náà, ohùn jẹ́jẹ́, bíi ti ẹni tó ń bẹ ènìyàn kó má tíì lọ. Nígbà tó délé, kò lè jẹun. Ó dùbúlẹ̀, ó ń wo àjà, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ìwọ yìí, o ti kó sí i."

Ọdún méjì kọjá. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní kí àwọn ṣe ìgbéyàwó. Ọ̀rọ̀ dọ́dọ̀ Bàbá.

Ẹyinjú kò lè dá a sọ. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Agbẹ̀bí, ló bẹ̀ pé kó ṣe alárinà. Obìnrin náà kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ó ní òun ò lè máa bẹ̀rù àwọn tí òun kọ́kọ́ rí ní ìhòòhò.

"Alágbe!" ni Bàbá wí. "Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, alágbe ló fẹ́ fẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé."

"Ara ẹ̀ ló wà nílé ìtẹ̀wé. Níbo lọkàn ẹ̀ wà? Ẹni tí ọkàn ẹ̀ bá wà lórí ìtàgé, ta ló máa bá ọmọ mi gbé inú ilé?"

"Ṣé ẹ ti gbọ́ orin ẹ̀ rí?"

Bàbá na ọwọ́ mú ìwé ìròyìn, ó ṣí i.

"Ẹ̀yin tí ẹ kì í fún olùkọ́ ní máàkì láìwọ kíláàsì ẹ̀," ni Àǹtí wí, ó sì bu omi mu bíi pé kò sọ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Bàbá lára. Ó ṣẹlẹ̀ pé lọ́dọọdún, àwọn kíláàbù kéékèèké méje tó wà nílùú máa ń ṣe ọ̀sẹ̀ orin rọ́ọ̀kì: ọjọ́ méje, kíláàbù méje, láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́jọ. Lọ́dún yẹn, ẹgbẹ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ní kó máa ṣí eré lójoojúmọ́. Bàbá ní òun á lọ.

"Ẹ lọ lọ́jọ́ kan, sà, ó ti tó," ni Ẹyinjú wí.

"Ọjọ́ kan? Olùkọ́ lè tan alábẹ̀wò lọ́jọ́ kan. Kò lè tàn án lọ́jọ́ méje."

Nígbà tí Ẹyinjú jíṣẹ́ fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọkùnrin náà bọ́ awò rẹ̀, ó ń fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún. Ó nù ún pẹ́. "Kó máa bọ̀," ló wí níkẹyìn. "Ṣebí orin ni. Orin kì í pa ènìyàn."

Kíláàbù ọjọ́ Ajé wà lábẹ́ ilé kan tí wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Àtẹ̀gùn mọ́kànlá ni ènìyàn á sọ̀ kó tó débẹ̀. Bàbá dé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, ó wọ kóòtù, ó de táì. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà rò pé ìjọba ló rán an wá ti ibẹ̀ pa. Ọ̀kan nínú wọn sáré fi sìgá pamọ́ sápò, ó jó ṣòkòtò. Gbogbo ènìyàn ló dúró, kò sí àga. Bàbá bèèrè ibi tí òun máa jókòó. Wọ́n wá àpótí kan fún un, ó sì gbé e lọ síwájú pátápátá, kò ju ìgbésẹ̀ méjì sí ìtàgé, nítorí etí rẹ̀ ọ̀tún ti ń di. Ó jókòó, ó yọ ìwé, ó ṣí kálámù.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jáde, ó gbé gìtá kọ́rùn, ojú rẹ̀ sì ṣe kòńgẹ́ ojú Bàbá. Nínú orin kejì, ó gbàgbé odidi ìlà kan. Onílù lu ìlù bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀. Bàbá kọ nǹkan sílẹ̀.

Ẹyinjú, tó fẹ̀yìn ti ògiri, sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé: Ọ̀la á dáa.

Ọ̀la ò dáa. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kọ orin mẹ́fà bí ẹni tó ń ka lẹ́tà ẹlòmíràn. Lọ́jọ́rú, nínú yàrá kan tó ṣì ń rùn fún ọ̀dà, ó kẹ̀yìn sí gbogbo èrò, ó kọjú sí onílù títí eré fi parí. Àwọn kan ń kùn. Bàbá ń kọ nǹkan sílẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn eré, ni Ẹyinjú àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jà. Ẹ̀yìn kíláàbù ni, láàárín àwọn àpótí ìgò òfìfo.

"Kí ni bàbá ẹ ń kọ sínú ìwé yẹn?" ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bèèrè.

"Mi ò mọ̀. Kì í fi han ẹnikẹ́ni."

"Tí mo bá lanu, á kọ. Tí mo bá panu dé, á kọ. Mi ò gbọ́ gìtá mọ́, Ẹyinjú. Kálámù ẹ̀ ni mò ń gbọ́."

"Kálámù ò lè pariwo ju sípíkà lọ."

"Nínú orí tèmi, ó ń pariwo."

Onílù, tó ń ká wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, dá sí i. "Ìyàwó wa, ẹ ṣàánú wa. Obìnrin tó ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde yẹn ń bọ̀ lọ́la. Tó bá gbọ́ wa bá a ṣe kọrin lónìí, ó ti bù ṣe nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí Bàbá sinmi lọ́la."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ di ọwọ́ Ẹyinjú méjèèjì mú. "Ọ̀la nìkan. Tó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, kó wá, kó gbé tábìlì wá pàápàá. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń dúró de ọ̀la yìí."

"Màá sọ fún un."

"Ṣé o ṣèlérí?"

"Mo ṣèlérí."

Gbogbo ọ̀nà ilé ló fi ń to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Àmọ́ bó ṣe ṣílẹ̀kùn, ohun tó gbọ́ dá a dúró. Bàbá ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì tó máa wọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó sì ń kùn. Orin Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ń kùn. Láti ọdún mẹ́rin tí ìyá Ẹyinjú ti kú, ohùn rédíò nìkan ni orin tó ń wà nílé yẹn, òun náà kì í sì í pẹ́ tí wọ́n á fi pa á.

"Wá, wá," ni Bàbá wí. Ó mú ìwé rẹ̀, ó ṣí i hàn án. "Etí mi ò gbọ́ ọ tán, ohun tí mo bá rí gbọ́ ni mò ń kọ, kí n lè jókòó kà á nílé. Gbọ́ èyí: 'Mo kan ilẹ̀kùn ilé tí mò ń gbé, ẹni tó dáhùn ò mọ̀ mí.' Ta ló bá a kọ ọ́?"

"Òun fúnra ẹ̀ ni, Bàbá."

"Hùn." Ó ka ìlà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kò yọ ohùn. "Èyí kì í ṣe alágbe."

Ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé, ọ̀rọ̀ orin ló kún inú rẹ̀. Kò sí máàkì kankan níbẹ̀.

"Bàbá," ni Ẹyinjú wí, "lọ́la..."

"Mo ti débẹ̀ lọ́sàn-án òní, mo lọ wo ọ̀nà kí n má baà ṣìnà. Ilé sinimá àtijọ́ ni. Èmi àti ìyá ẹ ti jókòó níbẹ̀ rí." Ó gbé áyọ́ọ̀nù sókè, ó wo ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì. "Ṣé o mọ̀, láti ìgbà tó ti lọ, mi ò ní ibi tí mo fẹ́ dé. Lọ́sẹ̀ yìí, tí mo bá jí, mo ti ń wo aago. Kí lo fẹ́ sọ?"

Ọ̀rọ̀ náà wà ní orí ahọ́n rẹ̀. Ṣebí ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ni. Ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó sì gbé e mì.

"Kò sí nǹkan, sà. Kí ẹ sùn dáadáa ni."

Lórí bẹ́ẹ̀dì, ó bá ara rẹ̀ ṣẹjọ́. Ó ní tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá ṣáà ti mọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn, ẹ̀rù á tán. Òun á sáré lọ sọ fún un kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ara gbogbo wọn á sì balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ṣe máa ń fi ọ̀la tan ara rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀la náà, ọjọ́ yẹn sì ni gbogbo nǹkan tì. Oníbàárà kan dé ní aago márùn-ún ku díẹ̀, ìyá àgbàlagbà tí awò rẹ̀ fọ́, tó sì ń rìnrìn àjò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀gá ní Ẹyinjú kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Ẹyinjú pe Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, àmọ́ ìyẹn ti pa fóònù rẹ̀. Nínú ìkánjú, Ẹyinjú gé dígí kan bàjẹ́, ó tún òmíràn gé. Aago mẹ́fà kọjá kó tó sáré jáde.

Láti òpópónà ló ti ń gbọ́ ohùn Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí. Ohùn náà ga, ó mọ́, kò bẹ̀rù ohunkóhun. Nígbà tó wọ ẹnu ilẹ̀kùn, ó rí i pé gbogbo èrò ti dákẹ́, obìnrin onírẹ́kọ́ọ̀dù dúró nítòsí ògiri, ó ti gbàgbé ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àyè tó wà níwájú ìtàgé ṣófo. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń wo àyè náà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń kọrin. Ó gbà pé Ẹyinjú ti mú ìlérí ṣẹ.

Nígbà náà ni ẹnìkan fọwọ́ tọ́ Ẹyinjú léjìká. Bàbá ni. "Mo pẹ́," ló wí létí rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tí mo rí lánàá, mo sì yí gbogbo ilé náà ká. Jọ̀ọ́, jẹ́ n kọjá."

Ẹyinjú na ọwọ́ láti di kóòtù rẹ̀ mú. Ìka rẹ̀ kan aṣọ náà, kò dì í mú. Àwọn ọ̀dọ́ ti dá Bàbá mọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ń pè é, "Bàbá wa! Ẹ fún Bàbá lọ́nà!" Ọ̀nà là, ẹnìkan sì ti gbé àga síwájú. Bàbá jókòó, ó yọ ìwé.

Ohùn Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gé.

Ó tún ẹnu là, kò sí nǹkan tó jáde. Ọwọ́ rẹ̀ já bọ́ lára gìtá. Kò wo Bàbá. Ojú rẹ̀ ré kọjá gbogbo orí, ó wá Ẹyinjú kàn lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó sì dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ gìtá lọ́rùn, ó rọra gbé e kalẹ̀, ó gba ẹ̀yìn jáde. Onílù ṣì ń lu ìlù lọ ní òun nìkan, bí ẹni tí kò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Nígbà tó dáwọ́ dúró, obìnrin onírẹ́kọ́ọ̀dù ti ń wá ibi tó máa gbé ife sí. Ó jáde, kò sì padà wá.

"Kí ló ṣe é?" ni Bàbá ń bi gbogbo ènìyàn. "Ṣé ara ẹ̀ ò yá ni?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú, ẹgbẹ́ mìíràn ló ṣí eré. Bàbá lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ méjèèjì, nítorí ó ti sọ pé ọjọ́ méje lòun á lọ. Nígbà tó dé lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó pe àbúrò rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ jókòó. "Mo ti wò ó," ló wí. "Mo gbà. Kó wá fẹ́ ẹ."

Àǹtí Agbẹ̀bí pàtẹ́wọ́. Ẹyinjú bú sẹ́kún, wọ́n sì rò pé ẹkún ayọ̀ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó lọ bá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nílé ìtẹ̀wé. Ọkùnrin náà wà nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà. Ó pa ẹ̀rọ náà nígbà tó rí i.

"Bàbá ti gbà," ni Ẹyinjú wí.

"Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

"Ọ̀rọ̀ orin ẹ ló ń kọ sínú ìwé. Kò fún ẹ ní máàkì kankan. Ó fẹ́ràn ẹ."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń to etí bébà tó ti dọ́gba tẹ́lẹ̀. "Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀."

"Ṣé o ní kí wọ́n má wá lọ́jọ́ Ẹtì?"

"Rárá."

"Ṣé wọ́n kọ̀ ni?"

"Mi ò sọ ọ́ rárá."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. "Tó bá jẹ́ pé o sọ ọ́ tí wọ́n kọ̀, ǹ bá gbà á. Bàbá ẹ ò mọ nǹkan kan. Ìwọ nìkan lo mọ̀."

"Inú ẹ̀ ló dùn. Ọdún mẹ́rin, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Mo rò pé..."

"O rò pé tèmi lè dúró."

Ẹyinjú sún mọ́ ọn.

"Mi ò bínú, Ẹyinjú. Ká ní ìbínú ni, ìbínú á tán." Ó tan ẹ̀rọ, ariwo rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá.

Àǹtí Agbẹ̀bí lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tó ti ìkẹrin dé, kò jókòó. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gbẹ̀bí," ló wí. "Mo mọ èyí tó kàn ń pẹ́, mo sì mọ èyí tó ti kú sínú. Èyí ti kú, ọmọ mi. Má jẹ̀ẹ́ kí n tún lọ." Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gba iṣẹ́ sí ìlú mìíràn. Onílù ló wá sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kò gbé gìtá lọ.

Bàbá ò yé bèèrè rẹ̀. Ẹyinjú á ní ó rìnrìn àjò. Á ní iṣẹ́ pọ̀ níbi tó wà. Níkẹyìn, ó ní àwọn ò gbọ́ ara àwọn yé mọ́. Bàbá á mi orí, á ní, "Ó mà ṣe o," á tún padà sídìí ìwé rẹ̀.

Ọdún yípo, ọ̀sẹ̀ orin tún dé. Bàbá lọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ní kí Ẹyinjú bá òun lọ. Wọ́n lọ. Àwọn ọmọ tuntun kan ló kọrin, wọn ò burú. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, Bàbá ń fi ọwọ́ kan mú un rìn.

"Wọn ò tó ọmọ yẹn," ló wí. "Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an lọ́jọ́ Ẹtì yẹn? Ó ń kọrin dáadáa kí n tó wọlé. Mo gbọ́ ọ láti ìta."

Ọdún kan ni Ẹyinjú ti fi ń parọ́, irọ́ náà sì ti rẹ̀ ẹ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀: kálámù, ẹ̀yìn kíláàbù, ìlérí, ọ̀rọ̀ tó gbé mì nígbà tí Bàbá ń lọ aṣọ.

Bàbá dúró lójú ọ̀nà. Ó bọ́ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lápá ọmọ rẹ̀, ó wò ó bíi pé kò rí i dáadáa.

"Ìyẹn nìkan?" ló wí. "Kí n má wá lọ́jọ́ kan ṣoṣo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ǹ bá jókòó sílé. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Ǹ bá jẹun, ǹ bá ka ìwé mi, ǹ bá sùn. Ọmọ mi, ǹ bá jókòó sílé."

Àwọn ọ̀dọ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, wọ́n ń kọ orin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn kí Bàbá, ó ní kí àwọn pàdé lọ́la. Bàbá kọjú sí ọ̀nà ilé.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó jókòó sílé. Ẹyinjú sì jókòó tì í.